Kí Ẹ Tó Sanwó Ìrìnàjò Kẹ̀kẹ́ Orí Òkè

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí Ẹ̀pẹ́ láti Lẹ́kì, Ìkòròdú àti Ìjẹ̀bú-Òde máa ń bi mí, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé mo máa ń bá ẹgbẹ́ lọ sórí òkè gẹ́gẹ́ bíi mẹkáníìkì wọn. "Ọ̀gá, bí ọkọ̀ bá ń tẹ̀ lé wa, tó ń gbé ẹrù wa, tí oúnjẹ wà, tí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, kí ló tún kù tí a óò ṣe?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí èèyàn rí ìdáhùn rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kò tíì lọ rí, bó ṣe máa ń rí nìyí. Èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá á kóra jọ, wọ́n á lo ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan níbi tí òkè wà. Láràárọ̀, ẹ ó jẹun, ẹ ó gbé báàgì yín sẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ò ní fojú kàn án mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ìlú mìíràn ni ẹ ó ti bá a nínú yàrá. Ẹni tó mọ ọ̀nà á ṣáájú, ẹnì kan á kẹ́yìn, ọkọ̀ á sì máa bọ̀ pẹ̀lú omi, oúnjẹ, táyà, irinṣẹ́ àti àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá pin, ọkọ̀ á gbé e.

Nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀bá Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni mo mọ̀ jù. Láti Ìwàrájà gba Ẹ̀rínmọ̀ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀nà náà á máa lọ́, á máa gòkè, á tún máa já wálẹ̀, títí ẹ ó fi gbàgbé pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà láyé. Ẹ lè sùn sí Ìkógòsì, kí ẹ ti ẹsẹ̀ tó ń ro yín bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ níbi tó ti ń pàdé omi tútù. Àwọn kan ń lọ sí Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River, níbi tí ọ̀nà kìlómítà 11 ti ní kọ́nà 22 kó tó dé téńté. Àwọn kan ń lọ sí Rùwáńdà. Ìlú Kigali níbẹ̀ ló gba ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì lálejò ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje náà wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tí àpò wọn gbà á sì ń lọ sí Faransé láti gun Alpe d'Huez, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 14, kọ́nà 21, tí kọ́nà kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí ó wù kí ẹ yàn, ọkọ̀ á gbé ẹrù yín, àmọ́ kò ní yí jíà fún yín, kò ní jẹun fún yín, kò sì ní tẹ bíréèkì fún yín. Ẹ̀pẹ́ níbí, kí ẹ tó gbéra, ni ẹ ó ti tún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn ṣe.

Ìtàn kan máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ń to irinṣẹ́ sínú ọkọ̀. Ní 1913, nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Eugène Christophe ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Tourmalet nígbà tí fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, irin tó di táyà iwájú mú, ṣẹ́. Òfin ìgbà náà ni pé ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ ni yóò tún un ṣe fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ó gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn ju kìlómítà 10 lọ dé abúlé Sainte-Marie-de-Campan, ó wọ ilé alágbẹ̀dẹ, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ rọ fọ́ọ̀kì náà. Àwọn alábòójútó ìdíje dúró tì í, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu irin, ọmọdékùnrin kan bá a fi ẹwìrì fín iná. Wọ́n fìyà jẹ Christophe nítorí ẹwìrì yẹn, wọ́n bu ìṣẹ́jú kún àkókò rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ẹni tó kẹ́yìn, 1910 ni ìdíje náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọkọ̀ ìgbálẹ̀ ni àwọn Faransé ń pè é. Àmọ́ ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ti jáde nínú ìdíje nìyẹn. Ìsinmi ni tiwa. Èmi ni ọmọ ìdí ẹwìrì, kò sì sí ẹni tí yóò fìyà jẹ yín nítorí mi. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ lónìí, ẹ ó gun kẹ̀kẹ́ lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí jíà, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí wàhálà jù. Ẹ̀pẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó ti Lẹ́kì wá ra ẹja ní ọjà Olúwo, afárá nìkan ni òkè tó máa gun. Nítorí náà, eré ni wọ́n to ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo ń rí fún: àwo kékeré iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dà, ní eyín 39, èyí tó tóbi jù lára táyà ẹ̀yìn ní 25. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí táyà kẹ̀kẹ́ ojú títì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin nǹkan bíi mítà 2.1. Pẹ̀lú 39 àti 25, bí pẹ́dà bá yípo lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ á lọ síwájú ní nǹkan bíi mítà 3.3. Níbi tí ọ̀nà bá ti ń fi mítà 8 gòkè nínú mítà 100, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sáré ju kìlómítà 8 lọ ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ yín á máa yípo nígbà 40 péré ní ìṣẹ́jú kan, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì dà bíi kéèyàn máa gun àkàbà pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì lórí. Orúnkún ni yóò san gbèsè rẹ̀. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ sí 34 níwájú àti 34 lẹ́yìn, ìyípo pẹ́dà kan di ìyípo táyà kan. Lórí òkè kan náà, pẹ̀lú eré kan náà, ẹsẹ̀ á máa yípo ju 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ náà kò dín, ṣùgbọ́n ẹ ti gé e wẹ́wẹ́ fún iṣan láti gbé.

Ẹ má kàn ra eyín ẹ̀yìn tó tóbi kí ẹ fi lé e o. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ti ṣéènì láti eyín dé eyín gbọ́dọ̀ ní apá tó gùn tó, ṣéènì fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gùn sí i. Mo ti rí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ṣéènì àtijọ́ sí. Nígbà tó gorí eyín tó tóbi jù, ó le gan-in bí okùn tí ẹran ń fà, ó sì ya ẹ̀rọ náà kúrò lára férémù lójú ọ̀nà.

Bí ẹ ò bá ní òkè tí ẹ ó fi kọ́ṣẹ́, ẹ ní atẹ́gùn. Lọ́sàn-án, atẹ́gùn máa ń ti òkun wọlé. Ẹ kọjú sí i láti Ẹ̀pẹ́ lọ sọ́nà Lẹ́kì, ẹ yan jíà tó wúwo díẹ̀, ẹ jókòó, ẹ wa pẹ́dà fún ìṣẹ́jú 20 láìdánu dúró. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún ṣe é. Ohun tí ara yín kò mọ̀ ni pé lórí òkè, kò sí ìgbà tí ẹsẹ̀ á dúró tí kẹ̀kẹ́ á ṣì máa lọ. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀ ń jí ìsinmi láìmọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ya àwọn ẹlẹ́gbẹ́ kẹ̀kẹ́ lẹ́nu. Ní ojú títì wa níbí, ẹ̀yìn ara wa là ń sá sí: ẹni iwájú ń la atẹ́gùn, àwọn tó kù ń jẹ̀gbádùn. Lórí òkè, eré ti kéré jù, atẹ́gùn kò fi bẹ́ẹ̀ dí èèyàn lọ́wọ́ mọ́, ìwúwo nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó ju yín lọ. Ọmọkùnrin ọdún márùndínlọ́gbọ̀n á bá tirẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ, orí òkè lẹ ó ti pàdé. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí kí èémí tó gé e, ẹ ti ń sáré jù.

Oúnjẹ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ kí ebi tó pa yín. Ẹni tó bá dúró de ebi lórí òkè, iná á kú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójijì, ojú á ṣú u, kò sì sí ohun tí á jẹ tí á tètè dé ẹsẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì láàárín wákàtí kan, tàbí dàbínù, tàbí ànàmọ́ sísè tí a gé sínú ọ̀rá, pẹ̀lú omi tí a fi iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí, ó tó. Kí ẹ má sì dán oúnjẹ tí ẹ kò jẹ rí wò lọ́jọ́ náà.

Ibi tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìsọ̀kalẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù gígun òkè, síbẹ̀ èmi kò tíì rí ẹni tó fi orí gbá ilẹ̀ níbi tó ti ń gòkè. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ìkòròdú, Ìyá Ìbejì là ń pè é, bá wa lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n gun òkè náà dáadáa. Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, mo gbóòórùn bíi ti rọ́bà tó ń jó, mo ní kí awakọ̀ fọn fèrè kí Ìyá dúró. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwo bíréèkì ẹ̀yìn ti yí àwọ̀ padà, ó ti ń dà bí aró. Omi já bọ́ láti ẹnu ìgò wọn sórí rẹ̀, ó dún ṣàà, ó gbẹ. Mo dúró kó tutù, mo yọ páàdì rẹ̀, èyí tó ń fún àwo náà mú: ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Páàdì tó bá ti dán báyẹn kò lè mú àwo mọ́.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ di bíréèkì mú láti òkè ni?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó sáré rárá."

"Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀, Ìyá. Kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ tẹ méjèèjì gidi, kó rọlẹ̀, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ pátá nínú kọ́nà."

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé bíréèkì tí a tú sílẹ̀ ń rí atẹ́gùn fi tutù, èyí tí a dì mú kò rí. Ti iwájú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù, àmọ́ àwọn tó ń bẹ̀rù kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń tẹ̀. Kí ẹ sì máa wo ibi tí ẹ fẹ́ já sí nínú kọ́nà, kì í ṣe kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí ibi tí ojú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tí ríìmù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ti carbon, tí bíréèkì sì ń di ríìmù náà mú, kó fi í sílé kó wá pẹ̀lú ti alumíníọ́mù. Ooru ìsọ̀kalẹ̀ gígùn lè ba ríìmù náà jẹ́, kó sì bẹ́ túùbù.

Òtútù náà ń bẹ. Bí èèyàn bá fi mítà 1,000 gòkè, ooru máa ń dín ní nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 6 tàbí 7. Òógùn ti rin aṣọ yín, ẹ wá fi eré wọ inú atẹ́gùn: ọwọ́ á kú, ọwọ́ tó kú kò sì lè tẹ bíréèkì. Ẹ kó jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ sápò. Àwọn eléré àtijọ́ ní Yúróòpù máa ń ti ìwé ìròyìn bọ abẹ́ aṣọ ní àyà kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, mo ti ṣe é rí, ó ń ṣiṣẹ́.

Ohun méjì ni kí ẹ fọwọ́ ara yín rà, torí mẹkáníìkì kò lè ní ti gbogbo kẹ̀kẹ́. Èkíní ni páàdì bíréèkì tó bá tiyín mu. Èkejì ni háńgà, irin pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ̀rọ jíà ẹ̀yìn fi so mọ́ férémù. Wọ́n ṣe é kó rọrùn láti tẹ̀ kí férémù má bàa ṣẹ́, oríṣiríṣi ló sì wà. Bí ẹ bá sì fẹ́ tú pẹ́dà láti di kẹ̀kẹ́ sínú páálí, ẹ rántí pé ìyípo ti òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iye ọkọ̀ tó wà fún iye èèyàn. Ẹ béèrè bóyá mẹkáníìkì wà nínú rẹ̀ àbí awakọ̀ lásán, ta ni yóò san owó ohun èlò, ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ ọ̀nà, aago mélòó ni ẹ ó kúrò lójú títì kílẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ wá béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti dé orí òkè, níbo ni ọkọ̀ máa wà?

Mo bá àwọn kan ṣiṣẹ́ rí tí wọ́n sọ fún gbogbo èèyàn pé àtìlẹ́yìn pé pérépéré. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, wọ́n sì ní kí ó máa bá àwọn tó yára lọ láti ya fọ́tò wọn lókè. Ẹ̀gbọ́n kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kẹ́yìn. Táyà rẹ̀ fàya, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì jókòó sórí òkúta fún wákàtí méjì láìní omi. Nígbà tí a fi padà débẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi ni." Láti ọjọ́ náà, mi ò gba iṣẹ́ mọ́ àyàfi tí wọ́n bá gbà pé ẹ̀yìn ẹni tó kẹ́yìn ni ọkọ̀ tí mo wà nínú rẹ̀ máa wà, ì báà jẹ́ pé ńṣe ni ẹni náà ń fẹsẹ̀ rìn.