Yíyan àṣẹ nínú mẹ́nù (Java Swing)

Swing ni àkójọ ohun èlò tí wọ́n fi ń kọ ètò onífèrèsé ní èdè Java, ó sì ti wà nínú Java láti ẹ̀dà 1.2 tó jáde lọ́dún 1998. JMenuBar ni ọ̀pá mẹ́nù lókè fèrèsé, JMenu ni mẹ́nù tó ń ṣí sílẹ̀, JMenuItem sì ni àṣẹ tí olùlò ń yàn.

Bí olùlò bá yan JMenuItem, Swing á ṣẹ̀dá ActionEvent (ìròyìn pé a ti yan nǹkan), á sì fi jíṣẹ́ fún gbogbo ActionListener (olùgbọ́ ìròyìn náà) tí a ti fi addActionListener so mọ́ ọn. Inú actionPerformed, mẹ́tọ́ọ̀dù (iṣẹ́ tí a fún lórúkọ nínú kóòdù) ti olùgbọ́ náà, ni ìdáhùn wà. Java 1.1 ló mú ìlànà yìí wá lọ́dún 1997. Ṣáájú ìgbà náà, inú mẹ́tọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń to if lé if láti mọ ohun tí olùlò tẹ̀. Àṣà náà kò tíì parẹ́: ọ̀pọ̀ ètò ṣì ń fi getActionCommand, tó ń dá orúkọ àṣẹ tí a yàn padà, dá àwọn àṣẹ mọ̀ yàtọ̀. Ewu ńlá wà níbẹ̀. Bí a kò bá fi setActionCommand fún àṣẹ ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tó hàn lójú mẹ́nù ni getActionCommand máa dá padà. Ọjọ́ tí a bá sọ "Save" di "Fi pamọ́" fún àwọn olùlò Yorùbá, àyẹ̀wò náà kò ní bá ohun tó ń wá mọ́, ètò náà kò sì ní fi àṣìṣe kankan hàn.

Ọ̀nà tó dára jù fún ètò ńlá ni Action. Orúkọ, àwòrán, bọ́tìnnì àbùjá àti iṣẹ́ gan-an máa ń wà nínú ohun kan ṣoṣo, tí mẹ́nù àti ọ̀pá irinṣẹ́ jọ ń lò. Bí a bá pe setEnabled(false) lórí rẹ̀, ibi gbogbo tó ti hàn ló máa ṣú lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ṣeé yàn mọ́.

Fún JCheckBoxMenuItem (àṣẹ mẹ́nù tí a lè fi àmì sí tàbí yọ àmì rẹ̀), ItemListener, irú olùgbọ́ mìíràn, máa ń gbọ́ ìyípadà kódà bó bá jẹ́ kóòdù ló pe setSelected. ActionListener kì í gbọ́ irú ìyẹn. MenuListener wà fún ṣíṣí JMenu fúnra rẹ̀.

Thread (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí ètò ń ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé) tó ń ya fèrèsé náà ló ń ṣiṣẹ́ inú actionPerformed. Nítorí náà, bí a bá ń ka fáìlì ńlá níbẹ̀, fèrèsé á dì gbagidi, kò ní dáhùn sí ohunkóhun títí iṣẹ́ á fi parí. SwingWorker, tó wọ Java 6 lọ́dún 2006, máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sórí thread mìíràn nínú doInBackground. Bó bá ti parí, mẹ́tọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń jẹ́ done á ṣiṣẹ́ lórí thread fèrèsé láti fi èsì hàn.