Ìdí tí pọ́ọ̀tù switch fi ń dúró díẹ̀ kó tó ṣí

Ká mú gbọ̀ngàn ìdánwò kọ̀ǹpútà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú èyí tí àwọn ọmọ ti ń ṣe JAMB. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì rí orí wáyà kan nílẹ̀, ó rò pé ṣe ló yọ, ó sì kì í bọ ihò (pọ́ọ̀tù) tó ṣófo lára switch, ìyẹn àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀. Kò mọ̀ pé orí kejì wáyà náà ti wà lára switch yẹn tẹ́lẹ̀. Bí spanning tree, ìyẹn ọgbọ́n tí switch fi ń dènà ọ̀nà tó yí po, kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo iná switch á fi máa ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan náà láìsinmi, kọ̀ǹpútà kankan kò sì ní rí sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà tí ìdánwò wà lórí rẹ̀) mọ́.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń wá àdírẹ́sì, gbogbo ilé ló ń ké sí, switch á sì da igbe náà sí gbogbo pọ́ọ̀tù yòókù. Dátà Ethernet, ìyẹn èyí tó ń gba inú wáyà wọ̀nyí, kò ní òǹkà kankan lára tó máa sọ pé ìrìn rẹ̀ tó. Tí ọ̀nà bá ti yí po, igbe kan ṣoṣo á máa yípo, á máa di púpọ̀, títí àyè ò fi ní sí fún nǹkan mìíràn.

Radia Perlman, tó ń ṣiṣẹ́ ní DEC, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n spanning tree kalẹ̀ ní 1985. Àwọn switch ń ránṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní BPDU síra wọn ní ìṣẹ́jú àáyá 2, 2. Wọ́n á fi yan olórí kan, ìyẹn root, wọ́n á di ọ̀nà tó yá jù lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mú, wọ́n á sì ti èyí tó bá ṣẹ́ kù pa. Wáyà tí wọ́n tì pa ò ṣòfò: ọjọ́ tí ọ̀nà gidi bá já, òun ló máa gba iṣẹ́.

Switch kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ipò (priority); èyí tí tirẹ̀ kéré jù ló ń di olórí. Láti ilé iṣẹ́, 32768 ni gbogbo switch ń gbé wá, nítorí náà èyí tí MAC rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ) kéré jù ló máa ń borí, ìyẹn sì sábà máa ń jẹ́ switch tó pẹ́ jù. Ọjọ́ orí ni a fi ń pín rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń jó ní Ojúde Ọba, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ti switch kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún èyí tó sún mọ́ sáfà ní 4096, kí olórí má baà jẹ́ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Pọ́ọ̀tù tuntun ń fi ìṣẹ́jú àáyá 15 tẹ́tí sílẹ̀, ó tún ń fi 15 kọ́ àwọn MAC, kó tó gba dátà kọjá. Kọ̀ǹpútà tó bá tètè jí kò ní lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Á fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, tí kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ sáfà, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú rẹ̀, kò sì ní wọlé. Àwọn kan á wá pa spanning tree látòkè délẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Pọ́ọ̀tù tó lọ sí kọ̀ǹpútà nìkan ni kí ẹ ṣí lójú ẹsẹ̀. Lórí Cisco, `spanning-tree portfast` ni. Àwọn mìíràn ń pè é ní edge. Ẹ fi `spanning-tree bpduguard enable` tì í lẹ́yìn, nítorí pọ́ọ̀tù tó ṣí lójú ẹsẹ̀ lè ti gba lúùpù (ọ̀nà tó yí po) láàyè kó tó fura. Bí BPDU bá gba ibẹ̀ wọlé, pọ́ọ̀tù náà á pa ara rẹ̀. Èyí tó so switch méjì pọ̀ ò gbọ́dọ̀ ní ìkankan nínú méjèèjì. BPDU filter, tó ń dá BPDU dúró, lórí pọ́ọ̀tù kò yàtọ̀ sí pípa spanning tree níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí ẹ bá rí `err-disabled` lára pọ́ọ̀tù, ìyẹn pé ó ti pa ara rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. Ẹ yọ wáyà tó yí po, kí ẹ tó ṣe `shutdown` àti `no shutdown` láti tún un ṣí.