Ewé Wílò Tó Bọ́ Sílẹ̀ Ti Ba Iṣẹ́ Jẹ́

Lọ́dọọdún làwọn èèyàn ń gbin igi wílò sórí ilẹ̀ tí kádímíọ̀mù, irin olóró kan, ti bà jẹ́, kí igi náà lè fà á kúrò nínú ilẹ̀, tí wọ́n á wá káwọ́ gbera. Ìgbà ìwọ́wé á dé, ewé á wọ́, á jẹrà, májèlé tí gbòǹgbò ti ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún á sì padà sójú ilẹ̀. Owó gbé, wàhálà gbé.

Irin kì í jẹrà. Kòkòrò inú ilẹ̀ lè jẹ epo rọ̀bì tó dà sílẹ̀; kò sí èyí tó lè jẹ kádímíọ̀mù. Kíkó ni wílò ń kó o láti inú erùpẹ̀ sínú ara rẹ̀. Kádímíọ̀mù àti síǹkì ń gòkè dáadáa: ewé ló ń gba púpọ̀ jù, èèpo tẹ̀ lé e, igi inú ló ní díẹ̀ jù. Òjé ní tirẹ̀, inú gbòǹgbò ló ń há sí. Ẹni tó bá ń ta ìyẹ̀fun tí ẹ ó dà sídìí igi kó lè fa òjé, ẹ lé e. Kẹ́míkà bíi EDTA ń tú òjé sílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òjò á gbé e wọnú omi abẹ́ ilẹ̀ kí gbòǹgbò tó rí i fà, inú kànga lẹ ó ti pàdé rẹ̀.

Gbígbìn kò le. Ẹ gún ẹ̀ka ọlọ́dún kan, gígùn sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, bọlẹ̀ nígbà ìrúwé, kí ojú kan péré yọ síta; 10,000 sí 20,000 lórí hẹ́kítà kan. Ẹ má fi èpò ṣeré lọ́dún àkọ́kọ́. Bí ọdún náà bá parí, ẹ gé e kanlẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka púpọ̀.

Ìkórè ló le. Àwọn tó ń gbin wílò fún igi ìdáná máa ń dúró dìgbà òtútù, kí ewé ti wọ́ tán. Ẹ má wò wọ́n. Ewé gbọ́dọ̀ ṣì tutù lórí ẹ̀ka nígbà tí ẹ bá ń gé e. Lọ́dún tí ẹ kò bá ní gé igi, ẹ gbá gbogbo ewé kó kí òjò tó pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Erùpẹ̀ hẹ́kítà kan, jíjìn sẹ̀ǹtímítà 25, wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3,250. Bí a bá fẹ́ kí kádímíọ̀mù inú kìlò erùpẹ̀ kan kúrò ní mílígíráàmù 5 wá sí 2, kìlò 10 ó dín díẹ̀ la máa kó jáde. Wílò tó ń mú tọ́ọ̀nù 10 gbígbẹ wá lọ́dún, tí mílígíráàmù 20 wà nínú kìlò rẹ̀ kan, gíráàmù 200 péré ló ń kó. Nǹkan bí ọdún 49 nìyẹn, bí ewé kankan kò bá bọ́ sọnù! Ẹni tó ṣèlérí ọdún méjì fún yín, irọ́ ló ń pa.

Ẹ má fi ewé náà bọ́ ẹran ọ̀sìn. Inú kíndìnrín ni kádímíọ̀mù ń jókòó sí. Tó bá dé ti èèyàn, ó lè lo ọdún 10 sí 30 kó tó dín sí ìdajì. Ẹ má sun ún ní gbangba, èéfín ló máa gbé e lọ. Iléeṣẹ́ tí ìléru rẹ̀ ní àsẹ́ èéfín ni kó sun ún, eérú lẹ́búlẹ́bú tí àsẹ́ bá sì mú, ibi tí wọ́n ń da májèlé sí ló ń lọ, kì í ṣe oko. Kí ọkọ̀ tó wá kó o, orí tapólì ni kẹ́ ẹ to ó sí, kẹ́ ẹ sì fi òmíràn bò ó, torí òjò tó bá ń rọ̀ sórí ewé gbígbẹ ń fọ kádímíọ̀mù inú rẹ̀ padà sílẹ̀.