Pupa Ọbẹ̀ Kì Í Ṣe Pupa Ẹ̀jẹ̀

Lóṣù tó kọjá, a lọ kí ìyá ọmọ tuntun kan ní Lágéré, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí. A ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ nígbà tó ń bímọ. Kí á tó fìdí jókòó, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti gbé àwo sùpàgẹ́tì jáde, ọbẹ̀ tòmátì tí wọ́n da mílíìkì agolo sí, ó ki, ó ń dán.

"Ìyàwó, jẹ ẹ́ dáadáa o. Ẹ̀jẹ̀ lò ń jẹ yẹn."

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, torí ojú ń tì mí láti bẹ̀rẹ̀ iyàn níwájú ọmọ ọjọ́ márùn-ún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo ń gbọ́ ọ lọ́jà Odò-Ògbé, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ yunifásítì tó ń gbé nílé wa: tòmátì ń fúnni lẹ́jẹ̀, tí mílíìkì bá sì wọ̀ ọ́, ó parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń bú tòmátì. Ó dáa. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi 94 nínú 100. Fítámì C wà níbẹ̀. Lycopene, èròjà tó mú un pupa, wà níbẹ̀, iná àti òróró sì ń jẹ́ kí ara rí i gbà ju ti tútù lọ. Ta ló ń bá a jà?

Àwọ̀ yẹn gan-an ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ pupa ni hemoglobin, irin ló sì wà láàárín rẹ̀, irin tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Lycopene ò ní irin rárá. Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ni gbogbo ara rẹ̀. Ojú lásán ni àwọn méjèèjì fi jọra. Epo pupa náà pupa. Ata rodo pupa. Osùn pupa, àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára, kò sì sí èyí tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ lòun fi kùn ún. Ẹ̀wà funfun tí kò pupa rárá, tó bá ti jinná, bíi mílígíráàmù irin 2.5 ló wà nínú 100 gíráàmù rẹ̀. Tòmátì tútù ńkọ́? 0.3.

Ẹnì kan ti dá mi lóhùn pé, "Tútù kọ́ là ń sọ, ti sáṣẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn ki." Òótọ́ ni. Tòmátì tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ kúrò ní irin bíi mílígíráàmù 3 nínú 100 gíráàmù, kò burú. Ibí yìí làwọn èèyàn máa ń dúró sí, tí wọ́n á ti borí mi. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé gíráàmù mélòó ló wọ inú àwo tòun.

Nígbà tí mo délé, mo wọn ìkòkò tèmi. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan, gíráàmù 70: irin bíi 2. Tòmátì tútù 400 gíráàmù: bíi 1.2. Agolo mílíìkì kékeré kan, gíráàmù 160: irin tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé mílígíráàmù 4 fún odindi ìkòkò, èèyàn mẹ́rin ló sì jẹ ẹ́. Ó ku bíi 0.9 fún ẹnì kan. Obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ nílò bíi 18 lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà, aboyún nílò 27. Kì í sì í ṣe gbogbo irin tó bá wọ ikùn lara ń gbà. Ti inú ohun ọ̀gbìn, díẹ̀ ló ń wọlé. Kí ẹni tó nílò 18 yẹn tó rí ti ọjọ́ kan kó jọ nínú ọbẹ̀ yìí, bí ìkòkò márùn-ún ni yóò dá jẹ.

Ohun tó wà nínú ìkòkò náà ní tòótọ́ ni òróró. Mo da 60 milílítà sí i, kálórì bíi 490 nìyẹn. Mílíìkì mú bíi 215 wá. Gbogbo tòmátì pátá, tútù àti ti sáṣẹ́ẹ̀tì, bíi 130. Òróró nìkan lé ní ìdajì. Ẹni tó bá fi kírìmù gidi rọ́pò mílíìkì, ọ̀rá inú rẹ̀ tún ju ti agolo lọ fíìfíì. Kò burú fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́yàn, ó nílò agbára. Ẹ ṣáà má pè é ní ẹ̀jẹ̀.

Ti mílíìkì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kálísíọ́ọ̀mù (calcium) inú rẹ̀ máa ń dí irin lọ́nà nínú ìfun nígbà tí a bá jẹ wọ́n pọ̀. Mi ò ní sọ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń jẹun oríṣiríṣi lè má mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi kún un kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ ló ń fa irin díẹ̀ yẹn sẹ́yìn.

Ó níbi tí mo ti lè gbà fún wọn. Fítámì C inú tòmátì ń ran irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ láti wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá sì fi ìkòkò irin dúdú se tòmátì, kíkan rẹ̀ á fa irin jáde lára ìkòkò sínú ọbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọbẹ̀ ìyá àgbà kan fúnni lẹ́jẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò la máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó ló ṣì ń fi irú rẹ̀ dáná ní Lágéré? Sílífà ni tiwa.

Ẹ tún ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá kọ "mix" síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sítáàṣì wà nínú rẹ̀, kí tòmátì inú rẹ̀ sì dín kù.

Ẹni tí òòyì ń kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì tó bá gun àtẹ̀gùn, kó lọ yẹ PCV rẹ̀ wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára. Ilé ìwòsàn ńlá wà n'Ífẹ̀ níbí, Wesley Guild wà n'Íléṣà. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn irin, kó má fi mílíìkì tàbí tíì gbé e mì. Omi ọsàn dáa ju ìyẹn lọ. Ẹ̀dọ̀ màlúù sísè ní irin bíi 6 nínú 100 gíráàmù, àmọ́ aboyún ò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, torí fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo pe ìyá ọmọ náà lọ́jọ́ kejì, mo ní kó béèrè PCV ní kílíníìkì. Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ti tún gbé abọ́ mìíràn dé, wọ́n sì gbé mọ́ọ̀tì tì í.