Ta Ló Ń Náwó Lé Ẹranko Inú Igbó Ọba? Ìbéèrè Ẹ̀gbọ́n Mi Kan

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń dáko kòkó ní ìhà Ìdànrè. Nígbà tó wá kí wa ní Àkúrẹ́, ó ti gbọ́ lórí rédíò pé òfin tuntun lórí ẹranko igbó ń bọ̀. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ni mo kọ́, ló bá da ìbéèrè bò mí. Mo kọ wọ́n sílẹ̀, torí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú.

Àbúrò, igbó ọba yìí, ta ló ni ín gan-an?

Ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Àwọn igbó ẹranko tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú fúnra rẹ̀ yàtọ̀, irú Okomu ní Ẹdó. 7 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2020, wọ́n fọwọ́ sí 10 mìíràn. Ọ̀kan bọ́ sí Ọ̀ṣun, kò sí ìkankan ní Oǹdó. Owó tí Àbújá ń ná lé àwọn wọ̀nyẹn kò kan Ìdànrè. Erin díẹ̀ tó kù nínú igbó Omo, Shasha àti Oluwa kò sì mọ ibi tí Ògùn parí sí tí Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ tìjọba, kí ló dé tí wọ́n ń gé e?

Ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ igbó ni ìjọba tún ń wojú fún owó tí ń wọlé. Igi tó bá dé ilé ìlagi ti san owó kó tó débẹ̀. Akíka tó ń rìn lóru kò san kọ́bọ̀ fẹ́nikẹ́ni. Ọdọọdún tí wọ́n bá ń ka owó, igi nìkan ló ń dáhùn. Nígbà tí owó ńlá tiẹ̀ wọ igbó Oluwa láyé àtijọ́, Gmelina ni wọ́n fi gbìn, kí ilé iṣẹ́ bébà Iwopin lè rí igi lò. Ẹ lọ dúró láàárín Gmelina lọ́jọ́ kan. Igi pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí ni ìnàkí fẹ́ jẹ níbẹ̀?

Ṣebí ìjọba náà ló jẹ́ kí bàbá wa dáko níbẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gba àgbẹ̀ láyè kó gbin àgbàdo àti iṣu sáàárín igi kékeré, kó máa bá wọn ro ó, kó sì kúrò tí igi bá ti ṣíji bolẹ̀. Àgbàdo máa ń kúrò. Kòkó kì í kúrò, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ló ń jogún rẹ̀. Nígbà tí owó kòkó sì ga ju 10,000 dọ́là lọ fún tọ́ọ̀nù kan lọ́dún 2024, ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ pé kó má dá igbó sí i?

Òfin tuntun náà ńkọ́?

Òfin ọdún 1985 ní kí ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú pẹ̀lú ẹranko tí òfin dáàbò bò jù lọ san 1,000 náírà. Lọ́dún 2016 wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù 5. Ní oṣù kẹwàá 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà buwọ́ lu àbá mìíràn, tí owó ìtanràn inú rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 12, tí ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 10. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin kì í rin inú igbó lóru, ènìyàn ní í rìn ín, ènìyàn yẹn á sì jẹun.

Ṣé àwa tó ń jẹ ọ̀yà wọ wàhálà nìyẹn?

Ọ̀yà àti òkété ń bí púpọ̀, wọn kì í ṣe ẹran tó ń tán lọ. Akíka, erin àti ìnàkí ni ìbẹ̀rù wa.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ń wọ igbó, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ nígbà náà.

Ààbò ènìyàn ni wọ́n torí ẹ̀ dá wọn sílẹ̀ lọ́dún 2020. Nígbà tí Gómìnà Akérédolú fún àwọn darandaran ní ọjọ́ 7 kí wọ́n fi igbó ọba sílẹ̀ ní oṣù kìíní 2021, ọ̀rọ̀ ajínigbé ló fà á. Wíwá tàkúté yàtọ̀ sí wíwá ajínigbé.

Òyìnbó ò fowó ránṣẹ́ mọ́ ni?

Wọ́n ń fi ránṣẹ́, àmọ́ apá kan dá lójijì. Oṣù kìíní 2025 ni Ààrẹ Trump dá owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà sí òkèèrè dúró. Nígbà tó fi di oṣù keje, wọ́n ti pa USAID, àjọ tó ń pín owó náà, rẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ju ọdún mélòó kan lọ tẹ́lẹ̀ náà. Ìrókò kì í gbó lọ́dún mẹ́ta. Tí owó bá tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ á padà sílé. Ó ti mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó, ó mọ ibi tí ẹran ń sùn, ebi sì ń pa á. Kí Àbújá sì tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà bẹntiróòlù kò tó 200 náírà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá 500. Ọ̀kadà ẹ̀ṣọ́ kì í mu omi.

Àwọn tó ń ra kòkó wá ya àwòrán oko mi pẹ̀lú fóònù. Kí ni wọ́n ń wá?

Ilẹ̀ Yúróòpù ti sọ pé àwọn ò ní gba kòkó tó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù Kejìlá 2026 ni wọ́n sọ báyìí fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó ń bí àgbẹ̀ nínú, mo mọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo òfin tí a kà yìí, òun nìkan ni mo rí tó fi owó so mọ́ igbó tó ṣì dúró.

Kí ni kí èmi wá ṣe?

Ẹ má ti oko kọjá odò tó wà láàárín oko yín àti igbó ọba. Ibi tí kòkó bá ti gbó, ẹ tún un gbìn síbẹ̀. Ẹ sì fi àwọn igi ńlá tó ń ṣíji bo kòkó sílẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní àtíòro méjì ṣì ń fò kọjá lórí oko òun láràárọ̀, wọ́n ń lọ sápá odò náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi máa kà wọ́n.