KV Púpọ̀ Kì Í Ṣe Agbára Púpọ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń to dúróònù onímọ́tò mẹ́ta pọ̀ fúnra wọn: pé bí nọ́ńbà KV tí wọ́n kọ sára mọ́tò bá ṣe pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí dúróònù rẹ̀ wúwo a wá lọ ra 1400KV, a de abẹ̀bẹ̀ oní-ínṣì 10 mọ́ ọn, a sì máa retí kí ó fò dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, nítorí owó olówó ló ń jóná níbẹ̀.

KV kì í ṣe òṣùwọ̀n agbára rárá. Iye ìgbà tí mọ́tò yóò yí ní ìṣẹ́jú kan fún fóòtì (volt) iná kọ̀ọ̀kan ni, nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú mọ́tò 2212 méjì, ọ̀kan 1000KV, èkejì 1400KV. 2212 yẹn ló ń sọ bí inú rẹ̀ ṣe tóbi tó: irin tí wọ́n we wáyà mọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 22, ó sì ga ní mìlímítà 12. Bí a bá tú wọn, wáyà bàbà tó wà nínú 1000KV ló máa ń yí irin náà ká lọ́pọ̀ ìgbà jù. Ti 1400KV kò yí i ká tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ipá tí 1000KV ń fi áńpù 1 yọ láti yí abẹ̀bẹ̀, 1400KV yóò jẹ áńpù 1.4 kí ó tó yọ irú rẹ̀. Níbo wá ni agbára tí wọ́n ní ó fi jù wà?

Àwọn kan yóò ní àwọn ti wọ̀n ọ́n, 1400KV ló gbé ẹrù jù. Òótọ́ ni, bí bátìrì àti abẹ̀bẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí eré rẹ̀ ló yá jù. Ṣùgbọ́n bí eré abẹ̀bẹ̀ bá di ìlọ́po 1.4, ipá tó fi ń gbéra yóò di nǹkan bí ìlọ́po 2, iná tó ń jẹ yóò sì di nǹkan bí ìlọ́po 2.7. Èyí tó ń fa áńpù 12 tẹ́lẹ̀ yóò máa béèrè nǹkan bí 33, ESC (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná àti eré mọ́tò) oní-áńpù 30 kò sì ní gbé e pẹ́. Ó lè má tó bẹ́ẹ̀ gan-an, torí mọ́tò a máa falẹ̀ bí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀, èmi ti dán an wò rí. Mọ́tò ìrù ló kọ́kọ́ lọ; nígbà tí mo gbé dúróònù náà kalẹ̀, n kò lè fọwọ́ kàn án, wáyà inú rẹ̀ ti dúdú, òórùn rẹ̀ kò sì kúrò nínú yàrá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìwúwo ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀. Dúróònù tó wọn kílò 1.2 pẹ̀lú bátìrì nílò ipá ìgbéra ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn kílò 2.4, èyí tó jẹ́ gíráàmù 800 fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ̀bẹ̀, lẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ ni KV. Lórí bátìrì 3S (ìyẹn èyí tí wọ́n to sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tẹ̀ léra nínú rẹ̀) àti abẹ̀bẹ̀ ínṣì 10, 800 sí 1000KV sábà máa ń tó. N kò sọ pé KV kékeré ló dára nígbà gbogbo. Abẹ̀bẹ̀ ínṣì 5 tí wọ́n fi ń sáré ìje nílò KV tó ju èyí lọ dáadáa. ESC tó tóbi ju bó ṣe yẹ kò lè ti iná wọ inú mọ́tò ní tipátipá. Ìwúwo dúróònù nìkan ló ń fi kún. Kí a tó fò, kí a fi mítà wọn áńpù tó ń jẹ, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ de dúróònù náà mọ́ tábìlì gírígírí, kí a má ṣe fọwọ́ dì í mú, nítorí abẹ̀bẹ̀ ínṣì 10 lè gé ìka.