Ìbọn mẹ́wàá tó dọ́gba: bí ọkọ̀ ogun HMS Dreadnought ṣe ń ṣiṣẹ́

Kí ọdún 1906 tó dé, àgbá ńlá mẹ́rin péré, tí ẹnu wọn fẹ̀ tó ínṣì 12, ló sábà máa ń wà lórí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á wá fi ti ínṣì 9.2 tàbí ínṣì 6 kún un. Ìbọn rẹpẹtẹ lóòótọ́, àmọ́ wàhálà wà níbẹ̀.

Bí ọ̀tá bá jìnnà, ojú lásán kò lè mọ bí ó ṣe jìnnà tó. Wọ́n á yìnbọn ná, wọ́n á wo ibi tí omi ti ta sókè. Bó bá ta sí iwájú ọkọ̀ ọ̀tá, ọta kò débẹ̀. Wọ́n á gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀. Bó bá ta sí ẹ̀yìn rẹ̀, ọta ti ré kọjá. Wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀. Báyìí ni wọ́n á ṣe máa há a mọ́ àárín títí ọta á fi bà á. Ṣùgbọ́n bí ìbọn ínṣì 12 àti ti ínṣì 9.2 bá jọ ń dún, ta ló máa mọ èyí tó ta omi wo?

Ìdí nìyẹn tí Dreadnought, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1906, fi gbé àgbá ínṣì 12 mẹ́wàá, méjì méjì nínú ilé irin márùn-ún tó ń yí. Mẹ́jọ ló lè dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan náà, torí ilé irin kan wà ní ọ̀tún, òmíràn ní òsì, tí ọ̀kan kò lè yìnbọn gba orí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀rọ rẹ̀ náà yàtọ̀. Pístìnì àtijọ́ ń lọ sókè sódò, ó ń gbo ọkọ̀ jìgìjìgì. Bí wọ́n bá sáré fún wákàtí mélòó kan, ibi tí irin ti ń fi ara gbo ara á gbóná, àtúnṣe á dé. Nínú tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí Charles Parsons ṣe, ooru omi gbígbóná ló ń fẹ́ lu àwọn abẹ̀bẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọ̀pá fi ń yí tààrà. Ọkọ̀ náà ń sáré tó kìlómítà 39 ní wákàtí. Tọ́báìnì kì í yí padà sẹ́yìn o, nítorí náà wọ́n ní láti fi tọ́báìnì mìíràn sí i fún ìyẹn nìkan.

October 2, 1905 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ náà ní Portsmouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fi máa di October 1906, ó ti ń gbìyànjú ara rẹ̀ wò lójú òkun. Àwọn èèyàn máa ń pe ìyẹn ní iṣẹ́ ìyanu, àmọ́ ilé ìbọn tí wọ́n ti pèsè fún ọkọ̀ méjì mìíràn ni wọ́n yà fún un.

Àṣìṣe kan wà tó burú. Ẹ̀yìn ọ̀pá èéfín iwájú ni wọ́n ri òpó tí àwọn tó ń wo ibi tí omi ti ta máa ń jókòó sí lókè, kí òpó náà lè tún máa bá wọn gbé ọkọ̀ kéékèèké. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, èéfín àti ooru á bo àwọn tí gbogbo ìbọn mẹ́wàá gbójú lé. Síbẹ̀ wọ́n tún ri òpó sí ibẹ̀ náà lórí ọkọ̀ ogun HMS Orion, tí wọ́n tì sómi ní 1910.